Bí Mo Ṣe Tú Fílítà Ọ́ìlì Mẹ́rin Wò ní Ṣágámù

Corolla 2003 sí 2008, èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì 1ZZ, pọ̀ ní títì Rẹ́mọ débi pé ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ní Sábó lè gbé oríṣi fílítà ọ́ìlì mẹ́rin rẹ̀ síwájú èèyàn, kí owó èyí tó wọ́n jù sì ju ìlọ́po mẹ́ta èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ. Gbogbo wọn ló ní agolo, gbogbo wọn ló ní rọ́bà lẹ́nu. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ wà nínú, inú yẹn ni mo sì fẹ́ rí. Mo ra méjì méjì nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan tí màá gé ní gbígbẹ, ọ̀kan tí màá da ọ́ìlì sí. N kò ní dárúkọ àwọn tó ṣe wọ́n. Kìíní ló wọ́n jù, Kejì tẹ̀lé e. Kẹta ló pọ́ọ́kú jù, páálí rẹ̀ kò ní orúkọ kan tó dájú. Kẹrin fara wé páálí ilé iṣẹ́ ńlá kan, àmọ́ lẹ́tà ara rẹ̀ kò gún régé.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí, ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà nìyí. Pọ́ńpù ọ́ìlì ń tì í wọ inú agolo láti ojú àwọn ihò kéékèèké tó yí ihò ńlá àárín ká. Ó ń kún àyíká bébà, ó ń ti ìta bébà wọ inú rẹ̀, ìdọ̀tí ń há sára bébà, ọ́ìlì tó ti mọ́ sì ń gba ihò àárín, èyí tó ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì (ojú wíwé bíi ti nọ́ọ̀tì), lọ sọ́dọ̀ àwọn bíárìn (ibi tí àwọn irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì jókòó lé). Torí náà, ibikíbi tí ọ́ìlì bá ti rí àyè yẹra fún bébà, ìdọ̀tí á bá a lọ. Gbogbo ohun tí mo wò lára fílítà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àyè bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá.

Irinṣẹ́ mi ni kálípà (tí a fi ń wọn ìbú àti nínípọn), ìwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù, fáìlì, fáìsì (irin tó ń di nǹkan mú), síṣọ́ọ̀sì, sípírítì, pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ àti òòfà.

Mo kọ́kọ́ mì wọ́n sétí. Ohun inú fílítà kò gbọdọ̀ mì, nítorí sípíríǹgì ìsàlẹ̀ agolo ló yẹ kó máa tì í mọ́ ẹnu. Kẹta ń dún kọ̀ǹkọ̀. Lẹ́yìn náà mo wọ̀n wọ́n, Kẹrin ló sì wúwo jù. Mo mẹ́nu kan èyí nítorí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì wa ló máa ń gbé fílítà lọ́wọ́ kan, tí wọ́n á ní èyí tó wúwo ni ojúlówó. Agolo Kẹrin nípọn tó 0.5 mm, ti Kìíní jẹ́ 0.4 mm, ibẹ̀ ni ìwúwo náà ti wá. Agolo tó nípọn dára lójú ọ̀nà olókùúta, àmọ́ agolo kì í sẹ́ ọ́ìlì.

Tẹ́rẹ́ẹ̀dì ni mo wò tẹ̀lé e, ó sì yẹ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ti Corolla yìí jẹ́ 3/4-16: ìbú rẹ̀ jẹ́ 19.05 mm, ẹsẹ̀ tẹ́rẹ́ẹ̀dì 16 ló sì wà nínú íǹṣì kan. Ti Honda àti ti Nissan Micra jẹ́ M20×1.5: ìbú rẹ̀ jẹ́ 20 mm, 1.5 mm ló sì wà láàárín ẹsẹ̀ tẹ́rẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì. Ìyàtọ̀ ìbú wọn kò tó mílímítà kan, ojú lásán kò lè rí i. Bí èèyàn bá wé fílítà 20 mm mọ́ irin 19 mm, ó lè wọ̀, ó tiẹ̀ lè ṣe bí ẹni le, àmọ́ ṣóńṣó tẹ́rẹ́ẹ̀dì nìkan ló dì mú. Ní òwúrọ̀ tí ọ́ìlì ṣì ki, tí wọ́n wá tẹ iná mọ́lẹ̀, agbára ọ́ìlì lè ṣí i kúrò níbẹ̀, ọ́ìlì á sì tú dànù. Irin tẹ́rẹ́ẹ̀dì tí mo yọ lára ẹ́ńjìnnì àlòkù ni mo fi dán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Ìka ọwọ́ ló yẹ kó wé e wọlé tán, láìfì sọ́tùn-ún sósì. Kìíní, Kejì àti Kẹrin yí ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ kí wọ́n tó tán. Kẹta yí ẹ̀ẹ̀mẹta àti ààbọ̀ péré, nítorí irin ìdí rẹ̀, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó dé ẹnu agolo tí àwọn ihò àti tẹ́rẹ́ẹ̀dì wà lára rẹ̀, fẹ́lẹ́. Ìyẹn nìkan tó ohun tí n kò fi ní gbé e sórí ẹ́ńjìnnì.

Ìdánwò ọ́ìlì ló kàn. Lẹ́yìn àwọn ihò kéékèèké náà ni rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì padà sí súǹpù (àwo ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Bí kò bá dí dáadáa, fílítà á ṣófo mọ́jú, ẹ́ńjìnnì á sì máa ta kọ̀ọ́kọ̀ọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lójoojúmọ́ kí ọ́ìlì tó dé òkè. Mo da ọ́ìlì mímọ́ sí ihò àárín díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kún, mo fi rọ́bà dí ihò náà, mo nu ẹnu rẹ̀ gbẹ, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ fílítà lélẹ̀ sórí bébà funfun mọ́jú. Kìíní àti Kejì kò jò. Kẹrin jò díẹ̀ tí bébà fi tutù. Kẹta ti ń jò kí n tó kúrò nídìí rẹ̀. Rọ́bà Kìíní àti ti Kejì jẹ́ sílíkóònù, tó rọ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́, tí ooru ẹ́ńjìnnì kì í tètè sọ di líle. Ti àwọn méjì yòókù jẹ́ rọ́bà dúdú tó ti le láti inú páálí. Rọ́bà dúdú tó dára wà o, àwọ̀ nìkan kọ́ ni ká fi ṣèdájọ́: ká fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú tì í láti ojú ihò, kó lọ, kó sì padà sí àyè rẹ̀ kíá. Ọkọ̀ tí fílítà rẹ̀ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí tó dojú dé ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Èyí tó kọ ẹnu sókè, bíi ife tí wọ́n gbé lélẹ̀, á ṣì di ọ́ìlì rẹ̀ mú bí rọ́bà náà kò tilẹ̀ dára.

Àwọn gbígbẹ ni mo wá ṣí. Níbi tí wọ́n ti ká etí agolo mọ́ ìdí, mo fi fáìlì rẹ́ etí náà yí po títí irin fi tín-ín-rín tó sì já, ìdí wá yọ lódidi. Má ṣe lo ayùn irin, yóò da ẹ̀rún irin sáàárín bébà. Má sì lo gíríńdà, yóò jó rọ́bà àti gúlù kí o tó rí bí wọ́n ṣe wà.

Nínú Kìíní, mo bá rọ́bà ìdènà, bébà tí irin dé lókè àti nísàlẹ̀, páìpù onírin tó ní ihò ní àárín, fáàfù báípáàsì (ìlẹ̀kùn kékeré tí ọ́ìlì ń gbà bí bébà bá dí) ní ìsàlẹ̀, àti sípíríǹgì tó lọ́ yípo. Kejì lo páálí líle dípò irin lókè àti nísàlẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ sì jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń bẹnu àtẹ́ lu páálí yìí gan-an. Èmi kò bá wọn fohùn ṣọ̀kan, ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú sípírítì sì ni ìdí mi.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Mo dí báípáàsì àti ojú kan bébà náà, mo so rọ́bà pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ mọ́ ojú kejì, mo ri gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ sípírítì kó lè mu ún dáadáa, mo wá ń fún pọ́ńpù ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìta gbangba ni kí èèyàn ti ṣe é, kí iná kankan má sí nítòsí. Ibi tí ihò bá ti tóbi jù ni ìfófòó á ti kọ́kọ́ jáde. Bí ó bá jáde wẹ́wẹ́ káàkiri ojú bébà, kò sí àléébù. Bí ó bá jáde tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan, ojú ibi tí wọ́n ti so bébà pọ̀ tàbí etí ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí ló là. Ti Kejì, onípáálí, jáde káàkiri bíi ti Kìíní. Kẹrin, tó ní ìdérí irin tó ń dán, ń hó gúrúgúrú láti etí ìdérí náà: gúlù kò yí i ká tán. Nínú Kẹta, bébà kò tilẹ̀ so pọ̀ dé ìsàlẹ̀. Mo gbé e sójú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ sì gba àárín ojú ìsopọ̀ náà kọjá.

Mo wá gé bébà kúrò, mo ka ìṣẹ́po rẹ̀, mo wọn jíjìn ìṣẹ́po kan àti gíga bébà. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: iye ìṣẹ́po lọ́nà méjì, lọ́nà jíjìn, lọ́nà gíga. Kìíní ní ìṣẹ́po 54, jíjìn 1.1 cm, gíga 5 cm, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 594 cm². Kejì ní 48, jíjìn 1.2 cm, gíga 5 cm: 576 cm². Kẹrin ní 40, jíjìn 1.1 cm, gíga 5 cm: 440 cm². Kẹta ní 32, jíjìn 1 cm, gíga 4.6 cm: kò ju 294 cm² lọ, kò tó ìdajì Kìíní. Bébà kékeré á tètè kún. Ọkọ̀ tó ń ná Ọ̀gèrè àti Ìpẹru lásìkò ọyẹ́, tàbí tó ń gba ọ̀nà ilẹ̀ pupa lọ sóko, tí fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò sì mọ́, á kún un kíákíá.

Ìbú bébà kò sọ bí ojú ihò rẹ̀ ṣe kéré tó o. Ìdánwò tó ń sọ ìyẹn ni ISO 4548-12, tí àwọn ilé iṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń kọ sí páálí pẹ̀lú ìdá ọgọ́rùn-ún àti micron (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), bíi 99% ní 20 micron. Bí páálí bá kọ 99% láìkọ micron, kò tíì sọ nǹkan kan. Bí o bá sì ṣí fílítà tí o kò bá ìṣẹ́po tàbí páìpù àárín, má ṣe pè é ní ayédèrú lójú ẹsẹ̀: Denso ń ṣe irú èyí tí wọ́n wé bébà ká fún Toyota.

Báípáàsì ló kù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣí nígbà tí bébà bá dí tàbí tí ọ́ìlì bá ki jù, nítorí ọ́ìlì ìdọ̀tí sàn ju kí bíárìn gbẹ. Mo gbé fáàfù náà sórí ìwọ̀n ilé ìdáná, mo fi ọ̀pá kékeré tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ṣí, mo ka kílò tó wà lójú ìwọ̀n, mo sì fi fífẹ̀ ojú ihò rẹ̀ pín in. Ihò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 14 mm, fífẹ̀ ojú rẹ̀ jẹ́ 1.54 cm². Ti Kìíní ṣí ní 1.6 kg, ìyẹn bí 1 bar (bar kan súnmọ́ kílò kan lórí 1 cm²). Ti Kejì súnmọ́ ọn. Ti Kẹta, tí ihò rẹ̀ kò yàtọ̀, ṣí ní 0.3 kg, kò tó 0.2 bar, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò ṣí sílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú ọ́ìlì kò ní gba bébà kọjá. Ti Kẹrin kò ṣí títí mo fi tẹ̀ ẹ́ dé 5 kg: irin tí wọ́n kàn tẹ̀ kó jọ fáàfù ni, kò sí sípíríǹgì lẹ́yìn rẹ̀. Bébà á dí, kò ní sí ọ̀nà mìíràn, bébà náà á sì wó sínú. Lójú tèmi, Kẹrin léwu ju Kẹta lọ, nítorí mímì á tú àṣírí Kẹta ní ṣọ́ọ̀bù, Kẹrin á sì jọ ojúlówó títí dé inú ọkọ̀.

Kejì ni mo lò. Mo ṣàyẹ̀wò pé rọ́bà fílítà àtijọ́ kò lẹ̀ mọ́ ojú ẹ́ńjìnnì, nítorí rọ́bà méjì lórí ara wọn kì í dì í mú, ọ́ìlì á tú dànù. Mo fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà rẹ̀, mo fi ọwọ́ wé e títí rọ́bà fi kan irin, mo sì fi ọwọ́ náà yí i ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin síwájú sí i. Sípánà ìṣífílítà wà fún títú, kì í ṣe fún dídì. Mo ṣíná ọkọ̀ láìtẹ pẹ́dà eré rẹ̀ títí iná pupa ọ́ìlì fi kú, mo yọjú wo abẹ́ rẹ̀, mo pa á, mo dúró kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀, mo wá wo ọ̀pá ìwọ̀n.

Èyí tí mo tú kúrò, mo gé òun náà, àmọ́ ọ̀bẹ alágbá tí wọ́n fi ń gé páìpù ni mo lò fún un, nítorí níbí, ẹ̀rún irin ni mo ń wá. Mo gé bébà rẹ̀, mo fi aṣọ wé e, mo fún un nínú fáìsì kí ọ́ìlì lè jáde, mo wá tẹ́ ẹ sójú oòrùn. Ohun tí òòfà bá gbé jẹ́ irin. Èyí tó ń dán tí òòfà kò gbé lè jẹ́ alumíníọ̀mù ti písítìnì, èyí tó bá pọ́n bíi bàbà, bíárìn ni kí èèyàn lọ wò. Ọ́ìlì tó jáde, inú jálá tó ní ìdérí ni mo dà á sí, kì í ṣe gọ́tà, nítorí gọ́tà Ṣágámù odò ló ń lọ.