Bí mo ṣe ń wo fíìmù wáìnì àti fíìmù ẹ̀rín Faransé lálẹ́ ọjọ́ kan náà

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ fi ti wáìnì ṣáájú. Mondovino ni mo ń sọ, fíìmù nípa àwọn tó ń ṣe wáìnì gan-an, èyí tí Jonathan Nossiter ṣe ní 2004. Ó ju wákàtí méjì lọ, èdè inú rẹ̀ sì pọ̀: Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, Ítálì, Sípáníìṣì. Ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ lẹ máa kà, ojú tó ti ń tòògbé ò lè ṣe é. Ẹ wá fi Les Vacances de Monsieur Hulot, tí Jacques Tati ṣe ní 1953, kádìí rẹ̀. Ìyẹn ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Kẹ́ ẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n, ẹ kọ́kọ́ mọ bí wáìnì ṣe ń di wáìnì. Adẹ́mu ni bàbá mi. Ẹmu tí wọ́n bá gbé sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ á dùn bí oyin, tó bá fi máa dìrọ̀lẹ́, ó ti kan, ó ti ń pa èèyàn. Ìwúkàrà ló ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀ tó ń sọ ọ́ di ọtí, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó bù ú síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi èso àjàrà ṣe ń di ọtí. Èèpo èso dúdú tí wọ́n jẹ́ kó rẹ sínú omi náà ló ń fún wáìnì pupa láwọ̀, òun náà ló sì ń jẹ́ kó fa ahọ́n pọ̀ bí ìgbà tá a bá rún obì. Tẹ́ ẹ bá ní wáìnì pupa nílé, ẹ mu díẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu. Ẹni tí kì í mutí, kó jẹ èso àjàrà dúdú, kó rún èèpo rẹ̀ dáadáa.

Ìtọ́wò yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí nínú fíìmù náà nìyẹn. Hubert de Montille, àgbẹ̀ àjàrà ní Volnay, abúlé kan ní Faransé, fẹ́ràn wáìnì tó le, tó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó rọ̀. Michel Rolland, agbaninímọ̀ràn lórí wáìnì láti Bordeaux ní Faransé, ń ti inú mọ́tò rẹ̀ sọ fáwọn olóko pé kí wọ́n fún wáìnì wọn ní afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó lè tètè rọ̀. Ní Aniane, ní gúúsù Faransé, ìdílé Mondavi, àwọn olówò wáìnì ńlá láti Kalifóníà, fẹ́ wá dá oko àjàrà sílẹ̀. Wọ́n dìbò yan olórí ìlú tuntun tí kò fẹ́ ètò náà ní 2001, ọ̀rọ̀ náà sì forí ṣánpọ́n. Nossiter ò fi ẹ̀yìn ẹni tó wà pa mọ́. Ẹ fetí sí Rolland náà, kẹ́ ẹ tó dá ẹjọ́ fúnra yín.

Kámẹ́rà Nossiter kì í dúró sójú kan. Èèyàn ńlá á máa sọ̀rọ̀, kámẹ́rà á yà lọ wo ajá. Ẹ má bínú sí i, ẹ bá a lọ. Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ wo ẹni tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ojú tẹ́ ẹ fi ń wo igun àwòrán yẹn náà lẹ máa gbé lọ sọ́dọ̀ Tati.

Ẹ sinmi díẹ̀, ẹ jẹun.

Fún Tati, ẹ gbé ohùn sókè. Nígbà àkọ́kọ́, ọmọ ń sùn, mo dín ohùn kù, díẹ̀ ló kù kí n pa tẹlifíṣọ̀n náà. Ìgbà tí èmi àti àbúrò mi tún un wò ni mo tó gbọ́ ilẹ̀kùn yàrá ìjẹun nínú hòtẹ́ẹ̀lì etíkun yẹn. Gbogbo ìgbà tí agbáwo bá gbà á kọjá ló ń dún. Nígbà tó yá, àbúrò mi ti ń rẹ́rìn-ín kí ilẹ̀kùn náà tó ṣí. Ẹ gbọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn ibùdókọ̀ ojú irin níbẹ̀rẹ̀: ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ṣeé gbọ́ yé, àwọn èrò sì ń sáré láti pèpéle kan sí èkejì.

Ẹ má wá ìtàn kiri nínú rẹ̀. Hulot lọ gba ìsinmi, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tùbù táyà rẹ̀ ṣubú sínú ewé tútù níwájú ibi ìsìnkú, ewé lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n gbà á bí òdòdó òkú, wọ́n sì gbé e kọ́. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún wa. Ẹni tó bá gbójú kúrò ti pàdánù rẹ̀.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ràn jù. Ọmọkùnrin kékeré kan ra áísìkiriìmù méjì, ó ń gun àtẹ̀gùn tó ga jù ú lọ, ó wá fi ọwọ́ tó mú ọ̀kan yí ilẹ̀kùn. Áísìkiriìmù náà dorí kodò, kò jábọ́. Àbúrò mi ò mí títí ọmọ náà fi jókòó ti ẹnìkejì rẹ̀, tí wọ́n jọ ń lá a.