Bí A Ṣe Ń Fi Fọ́nrán Ìtí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ró Résìnì Lágbára

Résìnì poliẹ́sítà, ìyẹn oje kẹ́míkà tí àwọn tó ń ṣe táńkì fáíbà ń lò, máa ń le bó bá ti dì tán, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́ bí kò bá sí fọ́nrán nínú rẹ̀ tí yóò bá a gbé ẹrù. Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àgbẹ̀ ń gé dànù lẹ́yìn ìkórè ní irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀.

Ẹ bó ìtí náà ní ìpele-ìpele, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha ẹran ara rẹ̀ kúrò títí yóò fi ku fọ́nrán nìkan, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a.

Ohun tó kàn, ìyẹn fífi sódà tọ́jú fọ́nrán, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, òun ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Fọ́nrán ewéko fẹ́ràn omi, résìnì kò sì fẹ́ ẹ, nítorí náà bí a bá pa wọ́n pọ̀ láìtọ́jú fọ́nrán, wọn kì í lẹ̀ mọ́ra dáadáa. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú, kí ẹ rọra da kọ́sítíìkì sódà gíráàmù 50 sínú omi lítà 1 nínú ike. Ẹ má ṣe da omi lé sódà lórí láéláé, nítorí yóò hó ta síni lára, ẹ má sì lo abọ́ alumíníọ̀mù, torí sódà yóò jẹ ẹ́. Ẹ rẹ fọ́nrán sínú rẹ̀ fún wákàtí 2 sí 4, kí ẹ fi omi ṣàn án títí kò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ sá a, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́: ìgbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín mọ́ ló tó gbẹ.

Ẹ fi ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) tẹ́ inú mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tí ẹ ó da résìnì sí kó lè gba ìrísí rẹ̀. Fún fọ́nrán gíráàmù 20, ẹ po résìnì gíráàmù 80, kí ẹ po kóbáltì (èyí tó ń mú kí dídì náà yá) mọ́ ọn dáadáa ṣáájú kátálíìsì (èyí tó ń mú kí résìnì dì). Kátálíìsì náà kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 1 lọ púpọ̀. Kóbáltì àti kátálíìsì kò gbọdọ̀ fara kan ara wọn tààrà, nítorí wọ́n lè bú gbàmù. Ẹ tẹ́ fọ́nrán sí ìhà tí ẹrù yóò ti máa fà á, torí ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà, kí ẹ da résìnì sí i, kí ẹ sì tẹ afẹ́fẹ́ jáde. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi résìnì kun gbogbo etí tí ẹ bá gé, kí omi má baà gba ibẹ̀ wọlé.