Kámẹ́rà Aṣọ́lé fún Ilé Ìgbèríko: Bí Mo Ṣe Máa Ń Yàn Án

Ohun tí ẹni tó fẹ́ ra kámẹ́rà sí ilé ìgbèríko máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé mẹ́gápíksẹ̀lì mélòó ló dáa jù. Èmi náà á dá ìbéèrè tèmi padà fún un: láti ẹnu ilẹ̀kùn yín dé géètì, ó tó mítà mélòó? Ṣé iná dé ibẹ̀? Tẹ́ ẹ bá dúró sídìí géètì yẹn, ṣé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù yín ń gbé? Ọ̀pọ̀ ni kì í rí ìdáhùn lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdáhùn yẹn ló máa yan kámẹ́rà, kì í ṣe nọ́ńbà gàdàgbà tí wọ́n tẹ̀ sára páálí.

Iṣẹ́ kámẹ́rà ni mò ń ṣe jẹun, ilé tó dá wà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń bá ṣe é. Ilé àárín ìlú ò le: ògiri kan ògiri, iná wà lójú títì, Wi-Fi dé gbogbo kọ̀rọ̀. Ní ìgbèríko, òkùnkùn ibẹ̀ máa ń dúdú kirikiri, ilẹ̀ lọ salalu, tí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, ilé tó kàn lè jìnnà débi pé wọn ò ní gbọ́ ariwo yín. Kámẹ́rà tó máa ṣe irú ilé bẹ́ẹ̀ lóore gbọ́dọ̀ lè dá dúró nínú òjò, nínú òkùnkùn àti nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá lọ. Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí àjèjì tó jókòó sí òkèèrè ò ní máa fi wo ilé yín. Apá kejì yìí làwọn èèyàn máa ń fojú fò, òun sì ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù.

Ẹ mú bébà kẹ́ ẹ tó mú owó

Ẹ ya ilẹ̀ yín sórí bébà: ilé, géètì, ibi tí ọkọ̀ ń gbà wọlé, ibi tẹ́ ẹ ń kó irinṣẹ́ sí, ọ̀nà ẹ̀yìn tí ẹni tó mọ ilé yín dáadáa lè gbà yọ́ wọlé. Ẹ ò lè fi kámẹ́rà ká gbogbo ilẹ̀ mọ́, ẹ má tiẹ̀ dán an wò. Ibi tí olè ò lè ṣàìgbà kọjá lẹ máa sàmì sí. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín: ṣé mo kàn fẹ́ mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀ ni, àbí mo fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́?

Ọ̀tọ̀ ni ìkíní, ọ̀tọ̀ ni ìkejì. Ìlànà àgbáyé kan wà tó ń jẹ́ IEC 62676-4. Ohun tí ẹ̀dà rẹ̀ ti ọdún 2014 sọ ni pé píksẹ̀lì (àwọn àmì tín-tìn-tín tó para pọ̀ di àwòrán) 25 lórí mítà kan ti tó láti mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀, àmọ́ kẹ́ ẹ tó lè fi ojú ẹni tẹ́ ẹ ò rí rí dá a mọ̀, ó di 250. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Kámẹ́rà mẹ́gápíksẹ̀lì 4 sábà máa ń ní píksẹ̀lì 2560 láti òsì dé ọ̀tún. Ẹ fi 250 pín in, mítà 10 àti díẹ̀ ló máa jáde. Bí ibi tó ń wò bá ti fẹ̀ ju ìyẹn lọ, ojú èèyàn á ti máa di rúdurùdu. Tó bá fẹ̀ tó mítà 30, ẹ máa rí i pé ẹnì kan wọ ẹ̀wù pupa kọjá, ó tán.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ kámẹ́rà kan ṣoṣo tí wọ́n gbé sókè téńté pé kó máa wo gbogbo àgbàlá. Lẹ́ǹsì 2.8 mm ń wo ibi tó fẹ̀, ó dáa fún iwájú ilé. Fún géètì tó jìnnà, ẹ wá lẹ́ǹsì 6 mm tàbí 12 mm, èyí tó máa fa ibi kékeré kan sún mọ́ yín, tí kò ní dá sí ibi tó kù. Tó bá jẹ́ kámẹ́rà méjì lowó yín ká, kí ọ̀kan wà fún géètì, kí ìkejì wà fún ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ máa ń gbà jù.

Wáyà ni tèmi

Bí wáyà bá lè dé ibẹ̀, ẹ fà á. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ gbígbẹ́ kì í ṣeré, àmọ́ kámẹ́rà PoE ń gba iná, ó sì ń fi àwòrán ránṣẹ́ lójú wáyà kan náà. Ẹ ò ní máa gun àkàsọ̀ nítorí bátìrì, olè ò sì ní lè fi ẹ̀rọ pálapàla kan dí Wi-Fi lọ́wọ́ kó tó wọlé. Láti ibi tí wáyà yẹn ti bẹ̀rẹ̀ dé ìdí kámẹ́rà, kò gbọ́dọ̀ ju mítà 100 lọ.

Bàbà pọ́ńbélé ni kó jẹ́. Èyí tí wọ́n kọ CCA sí lára, álúmínọ́ọ̀mù ni, wọ́n kàn fi bàbà bò ó lójú ni. Iná máa ń dín kù lójú ọ̀nà nínú ẹ̀, bó bá sì gùn, kámẹ́rà á máa kú, á máa jí lálẹ́, torí alẹ́ ni iná infrared rẹ̀ (iná tó fi ń ríran lókùnkùn) máa ń tàn, ìgbà yẹn ló sì máa ń jẹ iná jù. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ẹnu wáyà náà fẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá ń dán bíi fàdákà lábẹ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Èyí tí oòrùn ò lè ba ara rẹ̀ jẹ́ ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì ri í mọ́lẹ̀ nínú páìpù.

Àrá ni ọ̀tá wáyà tó gba ojú ilẹ̀ gbalasa kọjá. Tí géètì bá jìnnà, wáyà fáíbà ni mo máa ń fà láti ilé dé ibẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé, kò gbé iná, àrá ò sì lè gba inú rẹ̀ wọlé wá jó gbogbo ohun tó wà nínú pálọ̀. Mítà 100 ò sì dí i lọ́wọ́. Kìkì pé ẹ máa nílò iná lọ́dọ̀ kámẹ́rà lọ́hùn-ún.

Tí wáyà ò bá ṣeé fà rárá, ó di bátìrì àti sólà. Ẹ ra èyí tí páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dá dúró, tó ní wáyà tirẹ̀, kẹ́ ẹ lè gbé páńẹ́ẹ̀lì síbi tí oòrùn wà, kẹ́ ẹ sì gbé kámẹ́rà síbi tí iṣẹ́ wà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ibi méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Kámẹ́rà bátìrì máa ń sùn ni títí ooru ara ẹnì kan yóò fi jí i. Ó tètè máa ń mọ̀ ọ́n tí èèyàn bá dábùú iwájú rẹ̀ kọjá ju kó rìn tààrà bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ, torí náà ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí ooru bá mú gan-an, tí afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná tó ara èèyàn, ó lè má jí rárá. Níbi tí yìnyín bá ti ń bọ́ sì rèé, bátìrì lítíọ́ọ̀mù ò gbọ́dọ̀ gba iná nígbà tí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ wo inú ìwé rẹ̀ bóyá ó mọ bó ṣe máa dá gbígba iná dúró fúnra rẹ̀.

Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ńkọ́? Wi-Fi 2.4 GHz ń rìn jìnnà ju 5 GHz lọ, ó sì ń la ògiri kọjá jù ú lọ. Kámẹ́rà tó ń lo síìmù 4G náà wà, ó wúlò gan-an níbi tí Wi-Fi ò dé, àmọ́ ẹ ṣọ́ dátà yín. Àwòrán tó ń lọ ní 2 Mbps láìdúró máa gbé nǹkan bíi GB 0.9 ní wákàtí kan, ó lé ní GB 21 lójúmọ́. Inú mẹ́mórì káàdì rẹ̀ ni kó máa gbà á sí. Fídíò ṣókí ni kó máa fi ránṣẹ́ sí yín tó bá rí èèyàn. Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ fi síìmù yẹn sínú fóònù, kẹ́ ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé kámẹ́rà sí gan-an, kẹ́ ẹ fi fídíò ránṣẹ́ sẹ́nì kan lọ́wọ́ alẹ́ nígbà tí gbogbo èèyàn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Alẹ́ ni kẹ́ ẹ dán an wò

Lọ́sàn-án, kò sí kámẹ́rà tí kì í dáa. Tílẹ̀ bá ṣú, ẹ máa rí iná infrared oríṣi méjì: ti 850 nm máa ń pọ́n fírí lójú kámẹ́rà, ó sì ń tàn jìnnà, ti 940 nm ò hàn sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kì í tàn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Fún ilẹ̀ tó gbòòrò, 850 ni mo máa ń mú. Kí olè rí i pé kámẹ́rà ń wo òun ò dùn mí rárá.

Aláǹtakùn ló ń dùn mí. Iná yẹn ń fa kòkòrò, kòkòrò ń fa aláǹtakùn, á sì ta òwú síwájú lẹ́ǹsì gẹ́lẹ́. Fọ́nrán òwú kan tí afẹ́fẹ́ ń mì, tí iná infrared ń tàn sí lára láti ìtòsí, máa ń hàn bí okùn funfun ńlá tó ń jó lójú àwòrán, kámẹ́rà á sì máa pariwo sórí fóònù yín títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kámẹ́rà tó mọ èèyàn yàtọ̀ sí ẹranko àti ewé máa ń dín ariwo yẹn kù. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù ni pé kí iná náà má sí lára kámẹ́rà: ẹ pa tara rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé iná infrared ọ̀tọ̀ síbi tó fi mítà kan tàbí méjì jìnnà sí i. Ti òjò àti eruku ò ṣòro: IP66 tàbí IP67, àmì pé eruku àti omi ò lè wọ inú rẹ̀, ni kẹ́ ẹ máa wá lára páálí.

Ta ló tún ń wo kámẹ́rà yín?

Lóṣù kẹwàá ọdún 2016, Twitter, Netflix àti àwọn míì dàwátì fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ohun tó fà á ni Mirai, ètò burúkú kan tó ń kiri íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń fi orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tó lé ní 60 kan ilẹ̀kùn àwọn kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tó ń gba fídíò sílẹ̀. Páswọ́ọ̀dù tí ilé iṣẹ́ fi síbẹ̀ ni, tí àwọn onílé ò yí padà. Èyí tó bá ṣí fún un, á gbà á, á sì fi gbogbo wọn ya bo íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún 2023, àjọ FTC, tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kan Ring, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kámẹ́rà, pé ó jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láǹfààní láti máa wo fídíò àwọn oníbàárà. Lóṣù kejì ọdún 2024, nǹkan bíi 13,000 èèyàn tó ń lo kámẹ́rà Wyze ṣí áàpù wọn, wọ́n sì bá àwòrán láti inú kámẹ́rà tí kì í ṣe tiwọn. Èmi ò sọ pé kẹ́ ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹnì kankan o. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwòrán tí kò kúrò nínú ilé yín, ẹni tó bá ja sáfà (kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó fídíò sí) ilé iṣẹ́ kan lólè ò lè rí i.

Nítorí náà, kí n tó ra kámẹ́rà, mo máa ń wò ó bóyá ó lè ṣiṣẹ́ láìsí ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Tó bá ti ní ONVIF tàbí RTSP, ìyẹn èdè tí kámẹ́rà fi ń bá ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ míì sọ̀rọ̀, ó lè máa fi àwòrán sínú NVR (ẹ̀rọ tó ń gba fídíò sílẹ̀) tó wà nínú ilé yín, irú èyíkéyìí tó bá jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣé ó máa fipá mú mi yan páswọ́ọ̀dù tèmi kó tó ṣí? Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ka páswọ́ọ̀dù kan náà fún gbogbo ẹ̀rọ léèwọ̀, ó sì ní kí ilé iṣẹ́ sọ ọjọ́ tí wọ́n á fi update ààbò ránṣẹ́ dé. Ibi yòówù kẹ́ ẹ wà, ẹ wá déètì yẹn. Kámẹ́rà tí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí update rẹ̀ máa dópin, mi ò kì í gbé e sára ilé ẹnikẹ́ni. Tí áàpù rẹ̀ ò bá sì lè fi kóòdù kejì ránṣẹ́ sí fóònù yín kó tó jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń tò ó, ẹ pa UPnP lórí ráútà, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣí ilẹ̀kùn síta fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣí port (ilẹ̀kùn ráútà) kankan fún un sí ìta. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa wò ó láti ọ̀nà jíjìn, VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí ẹlòmíì ò lè yọjú sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kẹ́ ẹ gbà wọlé. Ẹ kó kámẹ́rà sórí Wi-Fi àlejò, kí wọ́n má bàa bá kọ̀ǹpútà yín pàdé. Ẹ sì jẹ́ kí aago rẹ̀ máa tún ara rẹ̀ ṣe, torí ẹ̀rí tí aago rẹ̀ fi wákàtí mẹ́ta ṣìnà máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ níwájú ọlọ́pàá.

Kí olè má gbé kámẹ́rà fúnra rẹ̀ lọ náà ṣe pàtàkì. Nǹkan bíi mítà mẹ́ta sókè ti tó; tó bá ga jù, orí àti fìlà nìkan lẹ máa rí. Kí kámẹ́rà kan máa rí èkejì. Kí NVR má sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ wá a. Ẹ tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Kámẹ́rà mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà sílẹ̀ ní 4 Mbps tọ̀sán-tòru máa jẹ GB 173 lójúmọ́, hard disk 2 TB á kún láàárín ọjọ́ mọ́kànlá sí méjìlá. Tẹ́ ẹ bá máa ń rìnrìn àjò tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ra èyí tó tóbi jù ú lọ.

Tí lẹ́ǹsì yín bá ń wo àgbàlá ẹlòmíì tàbí ojú ọ̀nà gbogbo gbòò, ẹ fi àmì dúdú bo apá yẹn nínú ètò kámẹ́rà. Ní Yúróòpù, ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ lọ́dún 2014 pé kámẹ́rà ilé tó ń wo ojú ọ̀nà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé.

Ẹ má ra mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ra ẹyọ kan, kẹ́ ẹ gbé e síbi tó le jù, ìyẹn géètì. Lóru, kẹ́ ẹ ní kí ẹnì kan nínú ilé dé fìlà, kó rìn wọlé láìyára, lẹ́yìn náà kó sáré wọlé. Ẹ wo fídíò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì lórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe lórí fóònù. Tẹ́ ẹ bá rí imú àti ẹnu onítọ̀hún kedere, ẹ lọ ra ìyókù. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ pààrọ̀ lẹ́ǹsì tàbí kẹ́ ẹ sún un mọ́ ọ̀nà kí ọjọ́ tí wọ́n ṣì lè gbà á padà tó kọjá.