Owó gbà-má-bínú lẹ́yìn ọ̀ràn: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó tọ́ sí

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo sin ìyá kan ní àdúgbò wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lọ sí ilé ẹjọ́. Àwọn ọlọ́ṣà ti fi àdá ṣá wọn lápá nígbà tí wọ́n ń ti ọjà bọ̀. Etí ìró ni ìyá di gbogbo ìwé owó oògùn sí. Òógùn ara wọn ti pa ọ̀rọ̀ inú àwọn kan rẹ́. Adájọ́ ní kí ògbufọ̀ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń béèrè. Ìyá dáhùn: «Ọlọ́run ni mo fà á lé lọ́wọ́.» Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò béèrè nǹkan kan. Àwọn ọlọ́ṣà lọ sẹ́wọ̀n, ìyá tú ìró, wọ́n tún un dì, a sì wọkọ̀ padà sílé. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí èmi ni mo jókòó tì wọ́n.

Nítorí náà, ẹ má dákẹ́. Ní Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, ẹni tó bá fẹ́ gba owó gbà-má-bínú níwájú adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn gbọ́dọ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bíi «partie civile», ìyẹn ẹni tó ń béèrè owó jàǹbá nínú ẹjọ́ náà, kó sọ ohun tó bàjẹ́ àti iye tó ń béèrè. Láti kọmisáríà, ìyẹn àgọ́ ọlọ́pàá, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ ìdájọ́. Owó ìtanràn tí adájọ́ bù lé ọ̀daràn kì í ṣe tiyín o. Àpò ìjọba nìyẹn ń lọ. Mo ti rí àwọn tó ń dúró dè é.

Ta ló wá lẹ́tọ̀ọ́ sí owó yìí? Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ẹni tí ọ̀ràn náà ṣe ní jàǹbá fúnra rẹ̀, tí jàǹbá ọ̀hún sì ti inú ọ̀ràn yẹn gan-an jáde, ni òfin mọ̀. Àwọn kan rò pé ẹni tí wọ́n lù nìkan ni. Rárá. Aládùúgbò tó sáré jáde nígbà tó gbọ́ igbe, tó fẹ́ gba ìyá sílẹ̀, tí àdá sì bà á lọ́wọ́, jàǹbá ti kan òun náà. Láti ọdún 1985 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kọ ọ́ sínú ìpinnu rẹ̀ lórí àwọn tí ọ̀daràn ṣe ní ibi pé ẹni tó fara pa níbi tó ti ń gbani là wà lára wọn. Àmọ́ irú aládùúgbò bẹ́ẹ̀ kì í yọjú. Ojú ń tì í, ó ní ẹjọ́ ìyá ni.

Àwọn mìíràn sì fẹ́ kí gbogbo ẹbí wọlé: bàbá ìsàlẹ̀, olórí ẹgbẹ́, ọ̀rẹ́ tó sunkún jù. Ẹkún nìkan kò tó. Bí a bá kó èrò lọ tí ọ̀pọ̀ wọn kò lè fi ohun tí wọ́n pàdánù hàn, ẹni tó tọ́ sí gan-an ni ìyẹn máa ń ṣe ní ìpalára.

Bí ẹni tí wọ́n ṣe ní jàǹbá bá kú, àwọn ajogún rẹ̀ ló máa dúró. Ẹ ṣọ́ra gidigidi níbí. Ẹ̀gbọ́n olóògbé á lọ dá dúró níwájú ilé ẹjọ́, á kọ orúkọ ọmọ méjì, á fi mẹ́ta tó wà lọ́dọ̀ ìyàwó kejì sílẹ̀. Òótọ́ ni pé òfin ìdílé ọdún 2004 kò ka ìgbéyàwó mìíràn sí ju ti ọkọ kan aya kan lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ìwé ìbí wọn fi hàn pé olóògbé ló bí wọn, ọmọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, ẹ̀tọ́ kan náà ni wọ́n ní. Ẹ kó ìwé ìbí wọn jọ kí ẹ tó kọrí sí Pobè, níbi tí ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ Kétu wà.

Bó bá jẹ́ alùpùpù ni wọ́n jí, tí ọlọ́pàá sì rí i gbà, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú «carte grise», ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ alùpùpù. Ọ̀pọ̀ wa ni ìwé alùpùpù wa ṣì wà lórúkọ ẹni tó tà á fún wa.

Ìlàjà láàfin tàbí nílé baálé dára, mi ò bá a jà. Ohun tí mo ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ ni ìwé Faransé tí wọ́n á gbé síwájú yín lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n á ní kí ẹ tẹ àtàǹpàkò. Tó bá jẹ́ «désistement», ohun tí ẹ fọwọ́ sí ni pé ẹ ti jáwọ́. Ẹ wá ẹni tó mọ̀wé kó kà á fún yín kí ọwọ́ yín tó kan yíǹkì.

Ẹ má sì sọ pé tálákà ni ọ̀daràn, kí ni a fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí adájọ́ dá lẹ́bi fún ọ̀ràn kan náà ló jọ ru gbèsè ọ̀hún; èyí tó bá ní lọ́wọ́ nínú wọn, ẹ lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n dá lẹ́bi nínú ọ̀ràn ìyá àdúgbò wa. Ọ̀kan nínú wọn ní ilé ara rẹ̀ àti alùpùpù méjì tí àwọn ẹlòmíràn ń bá a fi gbé èrò.