Bí a ṣe ń rìn Kerala já: ẹ tẹ̀ lé ipa ata dúdú

Àwòrán mẹ́ta ló sábà máa ń jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí a bá wá Kerala: ọkọ̀ ojú omi onímọ̀ àgbọn, oko tíì tó tutù yọ̀yọ̀ lórí òkè, àti ọkùnrin kan tó kun ojú ní àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá torí wọn lọ á rí wọn, á ya fọ́tò tirẹ̀, á sì padà wálé láìmọ ohun tó so wọ́n pọ̀. Ata ló so èyí tó pọ̀ jù pọ̀. Ata dúdú, ìbátan iyèré wa, àwọn òkè tó wà lẹ́yìn Kerala ló ti ṣẹ̀ wá. Òun ló fa ọkọ̀ Róòmù, ti Lárúbáwá, ti Ṣáínà, ti Potogí, ti Dọ́ọ̀ṣì àti ti Gẹ̀ẹ́sì wá sí etíkun yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ọ̀nà ata ni mo ní kí ẹ gbà: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èbúté tí wọ́n ti ń tà á, ẹ gba orí omi, ẹ gun òkè tó ti ń hù, kí ẹ tó wá forí lé àríwá.

Kerala ni ìpínlẹ̀ tóóró tó wà ní ìsàlẹ̀ Íńdíà, lápá ìwọ̀ oòrùn. Ọjọ́ kìíní oṣù Nòfẹ́ńbà 1956 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn tó ń sọ èdè Malayalam. Thiruvananthapuram ni olú ìlú rẹ̀, èèyàn tí wọ́n sì kà níbẹ̀ ní 2011 lé ní mílíọ̀nù 33. Ní 1957, àwọn ará ìlú fi ìbò gbé ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì wọlé. Títí di òní, ẹ ó máa rí àsíá pupa wọn lójú pópó, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé òrìṣà.

Ẹ tọ́jú ìwé yín, kí ẹ sì mú oṣù

Físà ni ẹ ó kọ́kọ́ wá, ṣùgbọ́n ohun tó ń dá àwọn tiwa dúró jù ni káàdì yẹ́lò, ìyẹn ìwé ẹ̀rí àjẹsára ibà pọ́njú. Íńdíà kì í fi ṣeré. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà, Benin tàbí Tógò dé láìní in, wọ́n lè sé e mọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà. Abẹ́rẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára yín kí ìwé ẹ̀rí náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí náà ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ wọ bàálù.

Oṣù Jánúárì ni mo fara mọ́. Òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kìíní oṣù Júùnù, òmíràn á tún rọ̀ ní Òkítóbà àti Nòfẹ́ńbà. Òjò ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń fi agboòrùn bá wí: ní ọjọ́ 30 oṣù Júláì 2024, òkè ya lulẹ̀ ní Wayanad, èèyàn tó bá a lọ lé ní igba. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọdún Onam, tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí Ọba Mahabali inú ìtàn àtijọ́ wọn, á lọ ní Ògọ́ọ̀sì tàbí Sẹ̀tẹ́ńbà, kó sì gbà pé òjò lè pa òun. Ẹni tó bá fẹ́ Thrissur Pooram, níbi tí erin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ti ń tò lọ rẹrẹ níwájú àwọn onílù, á lọ ní Épírì tàbí Méè, kó sì fara da ooru. Àmọ́ ní Jánúárì, ilẹ̀ gbẹ, òkè tutù, àwọn òrìṣà àríwá, ìyẹn Theyyam tí ẹ ó bá nísàlẹ̀, sì wà lójú agbo.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Kochi

Láti Èkó, ẹ lè gba Dubai tàbí Doha dé Kochi tààrà, torí pé ọmọ Kerala tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Lárúbáwá kò lóǹkà, bàálù wọn kì í sì í sinmi. Pápákọ̀ òfurufú tí ẹ ó sọ̀ sí yẹn, láti 2015 ni iná tó ń ti ara oòrùn wá ti ń gbé e ró. Ẹ má sùn sí àyíká rẹ̀. Ẹ lọ sí Fort Kochi, kí ẹ wá yàrá síbẹ̀.

Ní àárọ̀, ẹ lọ sí etí omi níbi tí àwọ̀n ńláńlá tí wọ́n ń pè ní ti Ṣáínà wà. Igi gbọọrọ ló gbé àwọ̀n náà dání, òkúta tí wọ́n so rọ̀ mọ́ okùn ló sì ń bá àwọn ọkùnrin tó ń fà á gbé e sókè. Ẹja tó ń kó kò pọ̀ mọ́, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀hún dùn ún wò. Bí wọ́n bá pè yín pé kí ẹ wá bá wọn fà á, owó ni wọ́n máa bèèrè lẹ́yìn náà.

Láti ibẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì St Francis. Àwọn Potogí, tí àwọn baba wa ń pè ní Àgùdà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1503. Vasco da Gama, atukọ̀ Potogí, kú sí Kochi ní 1524, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí kí wọ́n tó wá kó egungun rẹ̀ lọ sí Pọtogí ní 1539. Lọ́sàn-án, ẹ bọ́ sí Mattancherry. Ààfin tí àwọn Potogí kọ́ fún ọba Kochi ní nǹkan bí 1555 wà níbẹ̀, ìtàn Rama, akọni àwọn Híńdù, sì wà lára ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ pupa àti ewé. Sínágọ́gù àwọn Júù tó wà nítòsí, 1568 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ sì wo ilẹ̀: táìlì Ṣáínà tí wọ́n fọwọ́ ya, kò sí méjì tó jọra. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ẹtì tàbí Sátidé o: ààfin máa ń ti lọ́jọ́ Ẹtì, sínágọ́gù ń ti lọ́jọ́ Sátidé. Ní gbogbo àdúgbò yẹn, ẹ ó máa gbóòórùn ata àti atalẹ̀ láti inú àwọn ilé ìkẹ́rù àtijọ́.

Alẹ́ ni ti Kathakali, eré tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òṣèré kì í sọ̀rọ̀. Olórin ló ń bá wọn sọ ọ́, ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi ń dáhùn. Àṣìṣe tí àlejò ń ṣe ni pé wọ́n máa ń dé nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ tètè dé, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kunjú. Òṣèré á nà gbalaja sórí ẹní, ẹnì kan á jókòó síbi orí rẹ̀, á máa fi nǹkan funfun kọ́ bèbè sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá kùn ní àwọ̀ ewé, akọni tàbí ọba ni. Kí ó tó jáde, á fi èso ewéko kan sí ojú títí ẹyinjú á fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Ẹ bọ́ sórí omi

Alappuzha kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ sí Kochi. Àwọn ọkọ̀ onílé tí ẹ ń rí lórí fọ́tò, ìrẹsì àti ata ni irú wọn ń kó tẹ́lẹ̀. Okùn èèpo àgbọn ni wọ́n fi rán pákó wọn, láìsí ìṣó. Nísinsìnyí wọ́n ti pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, èéfín dísù wọn sì ń ba omi jẹ́. Ní tèmi, ọkọ̀ ìjọba tó ń kó ará ìlú láàárín Alappuzha àti Kottayam sàn jù: owó táṣẹ́rẹ́ ni, wákàtí méjì àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sì ni. Ẹ ó bá ọmọ ilé ìwé, ìyá ọlọ́jà àti adìyẹ wọ̀ ọ́. Ẹ ó tún rí oko ìrẹsì Kuttanad, tó wà ní ìsàlẹ̀ ju ìpele òkun lọ. Ògiri amọ̀ ló ń dá omi dúró, ẹni tó sì wà nínú ọkọ̀ ń wo àgbẹ̀ láti òkè.

Ibi tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, ẹ wá ilé ẹmu. Ẹmu àgbọn ni wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n oúnjẹ ibẹ̀ ni mo torí rẹ̀ ní kí ẹ lọ: *kappa*, ìyẹn ẹ̀gẹ́. Wọ́n á bó o, wọ́n á sè é, wọ́n á da omi rẹ̀ nù, wọ́n á wá fi àgbọn, ata tútù àti atalẹ̀ pupa gún un díẹ̀. Ọbẹ̀ ẹja pupa ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, èso kíkan tí wọ́n ń sá gbẹ, tí igi rẹ̀ jẹ́ ìbátan igi orógbó, ló sì ń mú un kan. Potogí ló gbé ẹ̀gẹ́ láti Bùràsíìlì wá sọ́dọ̀ wa. Ọba Visakham Thirunal, tó jẹ ní Travancore, ilẹ̀ ọba àtijọ́ ní gúúsù Kerala, láti 1880 sí 1885, ló gbé e lárugẹ ní Kerala kí ebi má bàa pa tálákà. Ẹ má wá gààrí níbẹ̀ o. Ẹni tó bá sì gba ìlú Kollam kọjá kí ó bèèrè ibi tí kaṣú tí wọ́n ń pa níbẹ̀ ti wá. Ọ̀pọ̀ rẹ̀, láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni.

Ẹ gun òkè

Láti etí omi, ẹ háyà mọ́tò lọ sí Thekkady, kí ẹ ní kí wọ́n mú yín wọ oko ata. Igi ata kì í dá dúró, ó ń pọ́n mọ́ igi mìíràn ni. Tútù ni wọ́n ń ká a, oòrùn ló ń sọ ọ́ di dúdú. Munnar ló kàn, níbi tí àwọn Òyìnbó ti gbin tíì láti apá ìparí ọ̀rúndún 19. Oko náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn obìnrin tó ń já ewé náà pẹ̀lú. Ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2015, àwọn ló dáṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n dí ojú títì nítorí owó wọn, wọ́n sì lé àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ọkùnrin sẹ́yìn. Ọgbà Eravikulam wà nítòsí, pẹ̀lú ewúrẹ́ òkè tí wọ́n ń pè ní tahr àti òkè Anamudi, tó ga tó mítà 2,695. Wọ́n máa ń ti ọgbà náà nígbà tí àwọn ẹranko náà bá ń bímọ, ní nǹkan bí Fẹ́búárì sí Máàṣì, ìdí mìíràn tí mo fi mú Jánúárì nìyẹn.

Ilé òrìṣà

Ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ńlá kì í gba ẹni tí kì í ṣe Híńdù wọlé, Padmanabhaswamy ní Thiruvananthapuram sì wà lára wọn, níbi tí wọ́n ti rí ìṣúra wúrà ńlá ní 2011. Ẹ má bá wọn jiyàn lẹ́nu ọ̀nà. Kí ọba Travancore tó pàṣẹ ní 1936, àwọn Híńdù tí wọ́n kà sí ẹni rírẹlẹ̀ pàápàá kò gbọ́dọ̀ wọ ilé òrìṣà ìjọba. Ẹ wò ó láti ìta, kí ẹ máa lọ.

Àríwá ni kí ẹ parí rẹ̀ sí

Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin láti Kochi lọ sí àríwá, nítorí ó máa ń kún. Ẹ dúró ní Kozhikode. Nítòsí ibẹ̀ ni Vasco da Gama gúnlẹ̀ sí ní Méè 1498. Ẹ̀bùn tó kó wá fún ọba ni aṣọ, fìlà, iyùn, abọ́ ìfọwọ́, ṣúgà, òróró àti oyin. Àwọn ìjòyè fi í rẹ́rìn-ín: wúrà ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ ẹni tó wá ra ata.

Kannur ni ti Theyyam, tí mo fẹ́ràn ju ohun gbogbo tó wà ní Kerala lọ. Láti nǹkan bí Nòfẹ́ńbà sí Méè, nínú àgbàlá àti igbó òrìṣà, ọkùnrin kan láti inú ìdílé tí wọ́n ti ń fojú tínrín tipẹ́ á kunjú, á gbé adé ńlá lérí, ìlù á máa dún kíkankíkan. Wọ́n á gbé dígí kékeré lé e lọ́wọ́. Ìgbà tó bá wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀ ni òrìṣà ń gùn ún. Láti ìṣẹ́jú yẹn, àwọn tó ka ara wọn sí ẹni gíga á máa wólẹ̀ fún un, á di ọwọ́ wọn mú, á gbọ́ ẹjọ́ wọn, á sì fún wọn lésì. Ẹni tó mọ bí olórìṣà ṣe ń sọ̀rọ̀ lójú agbo kò ní nílò ògbufọ̀ fún èyí. Ìkànnì iléeṣẹ́ ìrìn àjò afẹ́ ìpínlẹ̀ náà máa ń gbé ọjọ́ àti abúlé jáde. Ẹ lọ lóru, ẹ bọ́ bàtà, ẹ má fi iná kámẹ́rà tàn sí wọn lójú, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án àfi bó bá pè yín.

Bí ọjọ́ yín bá bọ́ sí ìgbà tí kò sí Theyyam nínú àwọn abúlé, ẹ lọ sí Parassinikkadavu létí odò, níbi tí òrìṣà Muthappan ti ń jáde lójoojúmọ́. Gbogbo ẹ̀sìn ni wọ́n ń gbà síbẹ̀. Ẹmu àti ẹja gbígbẹ ni wọ́n fi ń bọ ọ́, ajá sì ń rìn fàlàlà níwájú ojúbọ, torí ẹran tó fẹ́ràn ni, kò sẹ́ni tó ń lé e. (Ajá tó bá ti gbọ́ orúkọ Ògún rí kò ní gbà á gbọ́.) Wọ́n á fún yín ní ẹ̀wà sísè, àgbọn àti tíì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ má padà sí Kochi torí bàálù. Kozhikode ní pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n ti ń lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá, nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì láti ilé, ẹ ní kí wọ́n kọ Kochi sí ti àlọ, Kozhikode sí ti àbọ̀. Kí ẹ sì fi ọjọ́ kan gbòòrò sílẹ̀ ní òpin rẹ̀: bí ẹgbẹ́ òṣèlú kan bá kéde ìyanṣẹ́lódì, ṣọ́ọ̀bù àti bọ́ọ̀sì lè dúró jẹ́ẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.