Ẹ Yéé Fi Òdo Dípò Null

Ní Yábàá níbí, ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ kóòdù ń gbé láápútọ́ọ̀pù wá bá mi pé dátábéèsì àwọn ń ya wèrè. Orí dátábéèsì pé o. Null lẹ ò kà sí, ìyẹn àmì tí dátábéèsì ń fi sí àyè tí a ò tíì mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ ó ní bàbá onípárí ti tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kínú mi rọ̀.

1. Nínú SQL, èdè tá a fi ń bi dátábéèsì ní ìbéèrè, `WHERE foonu = NULL` kò ní mú ìlà kankan jáde láéláé. `IS NULL` ni.

2. `NOT IN`, tó ń wá ohun tí kò sí nínú àkójọ kan: tí null kan ṣoṣo bá wà nínú àkójọ yẹn, èsì yóò ṣófo. Dátábéèsì kò lè búra pé ohun tẹ́ ẹ ń wá kò sí níbẹ̀, nígbà tí nǹkan kan wà níbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Ẹ lo `NOT EXISTS`.

3. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Àwọn kan tó ń fi alùpùpù jíṣẹ́ ẹrù pè mí. Oníbàárà tí kò tíì tọ́ka ilé rẹ̀ lórí máàpù, null ló yẹ kó wà ní àyè rẹ̀. Kí áàpù má baà kú, ẹni tó kọ ọ́ ti kọ `lat ?? 0` àti `lng ?? 0`, ìyẹn ni pé bí nọ́ńbà méjì tó ń tọ́ka ibi tí ilé wà lórí máàpù bá jẹ́ null, kó fi òdo dípò wọn. Ṣé ẹ mọ ibi tí 0, 0 wà láyé yìí? Àárín òkun Àtìláńtíìkì ni, lápá gúúsù Gánà. Àwọn oníṣẹ́ máàpù tiẹ̀ ń fi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè é ní Null Island, bẹ́ẹ̀ omi lásán ni. Ìyá kan tó ń ta léèsì ní Balógun fẹ́ gba ẹrù láti Ojúẹlẹ́gba. Áàpù ka ọ̀nà tó lé ní 800 kìlómítà, ó sì bu owó rẹ̀ lé wọn lórí. Ìyá fi ìbínú pè: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé Kútọnu lẹ rò pé mò ń gbé ni?" Kútọnu ì bá tiẹ̀ sàn!

Ká ní áàpù náà kú ni, lọ́jọ́ náà gan-an la ò bá ti mọ̀. Òdo kì í pariwo. Ti inú òkun ṣì dára, torí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, a rí wọn ṣà kúrò. Ti gbèsè wá ńkọ́? Òdo náírà: ṣé oníbàárà yìí kò jẹ wá ní kọ́bọ̀ ni, àbí a ò tíì ṣírò tiẹ̀? Tí òdo bá ti wọ dátábéèsì, ó parí. `AVG`, tó ń ṣírò ìpíndọ́gba, tó yẹ kó fo null náà á ka òdo mọ́ ọn, ìṣirò yín á wọ́. Ẹ̀yin oní-Java, `getInt` ti JDBC, ohun tí Java fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, máa ń sọ null di 0 láìdágbére fún yín. Ẹ fi `wasNull()` bi í.

Ó tún ku àwọn tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ "Ẹ káàbọ̀, null" ránṣẹ́ sí àgbàlagbà. Ẹ kú iṣẹ́.

`COUNT(*)` ń ka gbogbo ìlà, `COUNT(foonu)` ń fo null. Nínú àwọn dátábéèsì, Oracle ka `''` (ọ̀rọ̀ tí kò ní lẹ́tà kankan nínú) sí null, PostgreSQL ò kà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí èkejì, kó ṣọ́ra.

Kọ́lọ́ọ̀mù tí kò gbọdọ̀ ṣófo, inú dátábéèsì gan-an ni kẹ́ ẹ ti kọ `NOT NULL` sí i, ẹ má fi mọ sórí fọ́ọ̀mù. Ẹni tó ń ti inú Excel da orúkọ oníbàárà wọlé lóru ò mọ fọ́ọ̀mù yín rí.