Fade ìpele mẹ́rin: bí ẹ ṣe lè kọ òkùnkùn Game Boy sínú géèmù pygame

Géèmù lè fara jọ ti àtijọ́ látòkè délẹ̀: píksẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tóbi gbàǹgbà, orin rẹ̀ ń dún píì-píì, ìwé inú rẹ̀ rí ṣákálá. Àmọ́ bí ẹni tó ń gbá a bá ti wọ ilẹ̀kùn kan, tí síkírìnì sì ń ṣókùnkùn lọ geere bí ìparí fídíò ìgbéyàwó, àṣírí ti tú. Game Boy tí Nintendo gbé jáde ní 1989 kò lè ṣe òkùnkùn geere. Àwọ̀ mẹ́rin péré ló ní, nítorí náà ìpele mẹ́rin péré ni fade rẹ̀ (bí síkírìnì ṣe ń ṣókùnkùn tàbí tó ń mọ́lẹ̀ padà) máa ń ní: ó já, ó tún já, ó tún já, ó dúdú. Jíjá yẹn gan-an lojú ń wá.

Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí ẹ da dúdú bo gbogbo síkírìnì, kí ẹ sì máa fi alpha rẹ̀ (bó ṣe bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó) kún láti 0 dé 255. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà yẹn máa ń bí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yàn, tí ẹ̀rọ àtijọ́ kò sì ní. Palẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àkójọ àwọ̀ tí géèmù ń lò, ni kí ẹ yí padà, kí ẹ fi àwòrán sílẹ̀ bó ṣe wà.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe é

Nínú Game Boy, píksẹ́ẹ̀lì kì í ní àwọ̀ fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà ló ní, láti 0 dé 3. Báìtì kan ṣoṣo tó wà ní àdírẹ́sì $FF47, tí wọ́n ń pè ní BGP, ló ń sọ àwọ̀ tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan máa gbé wọ̀ nínú àwòrán ẹ̀yìn (background). Bíìtì méjì méjì ni wọ́n pín fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá sì jẹ́ ti nọ́ńbà 0.

Nígbà tí nǹkan bá wà bó ṣe yẹ, 0xE4 ló máa ń wà nínú BGP, ìyẹn 11 10 01 00. Nọ́ńbà 0 gba àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù, nọ́ńbà 3 gba èyí tó dúdú jù. Bí ẹ bá fi 0xF9 rọ́pò rẹ̀, ó di 11 11 10 01: gbogbo wọn sún sí ìhà òkùnkùn ní ẹsẹ̀ kan, 3 tí kò níbi tó tún lè sún sí sì dúró síbi tó wà. Lẹ́yìn náà ló kan 0xFE, lẹ́yìn ìyẹn 0xFF, gbogbo rẹ̀ ti dúdú. Píksẹ́ẹ̀lì 23,040 ló wà lójú síkírìnì 160×144 yẹn, ẹ̀rọ kò sì fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn. Báìtì kan ló yí padà.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ó funfun dípò kó dúdú, bóyá nígbà tí ohun kan bú gbàmù, 0xE4, 0x90, 0x40, 0x00 ni.

Kóòdù rẹ̀

pygame, àkójọ kóòdù Python tí wọ́n fi ń kọ géèmù, ṣì ní kánfásì (ojú ìyàwòrán) oníbíìtì mẹ́jọ, tí píksẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà gẹ́gẹ́ bíi ti Game Boy. Òun la máa lò. A kò fi àmì ohùn sórí orúkọ inú kóòdù. Python 3 gbà á, ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù á fi ayé sú yín.

```
import pygame

AWO = [(155,188,15), (139,172,15), (48,98,48), (15,56,15)]
DUDU = [0xE4, 0xF9, 0xFE, 0xFF]
FUNFUN = [0xE4, 0x90, 0x40, 0x00]

def paleti(bgp):
    return [AWO[(bgp >> (2 * i)) & 3] for i in range(4)] * 64

pygame.init()
ferese = pygame.display.set_mode((640, 576))
kanfasi = pygame.Surface((160, 144), 0, 8)
kanfasi.set_palette(paleti(0xE4))
aago = pygame.time.Clock()
```

Ẹ má fo `* 64` yẹn. Palẹ́ẹ̀tì oníbíìtì mẹ́jọ ní àyè 256, bí ẹ bá sì kún mẹ́rin péré, àwọ̀ mìíràn tí pygame ti kó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wà ní àyè 252 tó kù. Sprite (àwòrán kékeré inú géèmù, bíi ti akọni) tí àwọ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ti AWO á lọ fara mọ́ ọ̀kan nínú wọn, kò sì ní bá àwọn tó kù ṣókùnkùn. Mẹ́rin lọ́nà 64 ni 256. Kò sáyè tí àjèjì lè jókòó sí mọ́.

Fade fúnra rẹ̀ kò ju kí a máa ka férémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan tí géèmù ń yà sójú síkírìnì) lọ:

```
class Ipare:
    def __init__(self, ona, feremu=8):
        self.ona, self.feremu, self.ka = ona, feremu, 0
    def sun(self):
        self.ka += 1
    def bgp(self):
        i = min(self.ka // self.feremu, len(self.ona) - 1)
        return self.ona[i]
    def pari(self):
        return self.ka >= self.feremu * len(self.ona)
```

Férémù mẹ́jọ fún ìpele kọ̀ọ̀kan ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Bí géèmù bá ń sáré ní férémù 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbà mẹ́ta tí àwọ̀ yóò já á gba férémù 24, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 0.4, òkùnkùn á sì dúró fún férémù mẹ́jọ sí i kó tó parí. Férémù mẹ́rin dára fún ilẹ̀kùn tí èèyàn ń wọ̀ tó ń jáde lemọ́lemọ́; mẹ́rìndínlógún bá ibi tí akọni kú mu. Ohun tó bá ti ju ogún lọ, ẹni tó ń gbá géèmù á rò pé kọ̀ǹpútà òun ti há.

Férémù la kà, a kò ka aago, ó sì nídìí. Bí ìran tuntun bá fi ìdámẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kó àwòrán rẹ̀ jọ nínú òkùnkùn, fade tó ń wo aago á ti fo ìpele méjì kó tó hàn síta. Ẹni tó ń ka férémù kò ní pàdánù ìkankan.

Inú lúùpù géèmù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba ìṣẹ̀lẹ̀ pẹ̀lú `pygame.event.get()`:

```
    if ipare:
        ipare.sun()
        if ipare.pari():
            if ipo == "jade":
                iran = iran_tuntun
                ipare, ipo = Ipare(DUDU[::-1]), "wole"
            else:
                ipare = None
    bgp = ipare.bgp() if ipare else 0xE4

    iran.ya(kanfasi)
    aworan = kanfasi.copy()
    aworan.set_palette(paleti(bgp))
    ferese.blit(pygame.transform.scale(aworan, (640, 576)), (0, 0))
    pygame.display.flip()
    aago.tick(60)
```

Kí lúùpù tó bẹ̀rẹ̀, `iran` gbọ́dọ̀ ti ní ìran àkọ́kọ́ nínú, `ipare` sì jẹ́ None. Nígbà tí akọni bá kan ilẹ̀kùn, ẹ kọ `iran_tuntun` sílẹ̀, kí ẹ wá sọ pé `ipare, ipo = Ipare(DUDU), "jade"`. Ó tán.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́

Àṣìṣe tó gbajúmọ̀ jù ni mànàmáná. Síkírìnì ti dúdú tán, lójijì ìran àtijọ́ tàn yàà fún férémù kan, kí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ohun tó fà á ni pé wọ́n pa fade àkọ́kọ́ (`ipare = None`) ní férémù kan, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ èkejì ní férémù tó tẹ̀ lé e. Láàárín méjèèjì, bgp padà sí 0xE4. Ìdí nìyẹn tí pípààrọ̀ ìran àti bíbẹ̀rẹ̀ fade kejì fi wà lábẹ́ `if` kan náà lókè yìí, ṣáájú kí a tó ya ohunkóhun.

Èkejì ṣòroó rí. Ẹlòmíràn á wo `kanfasi.copy()`, á ní òfò ni, á sì yí palẹ́ẹ̀tì kánfásì fúnra rẹ̀ padà. Lójú ẹsẹ̀ ni fade á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège: àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù nìkan ló ń ṣókùnkùn, àwọn yòókù ṣorí kunkun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí pygame bá ń gbé sprite lé orí kánfásì oníbíìtì mẹ́jọ, kì í da nọ́ńbà kọ, àwọ̀ ló máa ń wá. Bí palẹ́ẹ̀tì bá ti di ti 0xF9, àwọ̀ kẹta ti wá wà ní ipò kejì. Sprite tó ní àwọ̀ kẹta á rí i níbẹ̀, á jókòó tì í, á sì hàn bó ṣe ń hàn tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kánfásì tí a ń yàwòrán sí kò gbọ́dọ̀ kúrò ní 0xE4 láéláé. Ẹ̀dà tó ń lọ sí fèrèsé nìkan la ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Dída báìtì 23,040 kọ lẹ́ẹ̀kan ní férémù kan kò ní jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kankan mí gúlegúle.

Ẹ má pe `convert()` lórí kánfásì náà. Ó máa sọ ọ́ di oríṣi àwọ̀ fèrèsé, kò sì ní palẹ́ẹ̀tì mọ́. `smoothscale` náà kò gba oníbíìtì mẹ́jọ, ValueError ló máa jù sí yín. Inú wa dùn sí i, torí pé píksẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣe ti Game Boy. Àwòrán yín, PNG ni kó jẹ́, pẹ̀lú àwọ̀ mẹ́rin AWO yẹn géérégé. JPEG máa ń da àwọ̀ pọ̀.

Lẹ́tà ńkọ́? `font.render(oro, False, AWO[3])`. Bí ẹ bá kọ True síbẹ̀, etí lẹ́tà á ní àwọ̀ àárín, kánfásì á sì fipá sọ ọ́ di ọ̀kan nínú mẹ́rin. Àmì orí ọ̀rọ̀ Yorùbá ló máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀: ní ìwọ̀n kékeré, àmì òkè àti ìsàlẹ̀ á di ẹ̀kán kan náà.

Bí ẹni tó ń gbá géèmù bá tún tẹ bọ́tìnì nígbà tí fade ń lọ, tí kóòdù sì tún bẹ̀rẹ̀ fade mìíràn, ìmọ́lẹ̀ á fò padà sókè. Ẹ gba ìṣẹ̀lẹ̀ o, torí bí ẹ kò bá gbà á, Windows á sọ pé géèmù yín kò dáhùn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fún akọni ní àṣẹ kankan nígbà tí `ipare` kò bá jẹ́ None. Ẹ tún yẹra fún kíkọ fade bíi `for` tó ní `time.sleep` nínú. Ohun gbogbo ló máa dì gbagidi.

Orin náà gbọ́dọ̀ já bí àwọ̀ ṣe ń já. Ẹ fi `pygame.mixer.music.set_volume` sí 1.0, 0.66, 0.33 àti 0 fún ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Láti mọ̀ bóyá ó pé, ẹ wá ìran tó lo àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì ka àwọ̀ tó wà lójú ẹ̀dà náà ní ìpele kọ̀ọ̀kan:

```
len({tuple(aworan.get_at((x, y))) for x in range(160) for y in range(144)})
```

4, 3, 2, 1 ló gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ yọ ìlà yìí kúrò lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó tán, ó ń fà.

Bí géèmù yín bá ní àwọ̀ púpọ̀

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀. Super Nintendo ní rẹ́jísítà kan (báìtì tó ń darí ẹ̀rọ, bíi BGP), $2100, tó ń dín ìmọ́lẹ̀ gbogbo síkírìnì kù láti 15 sí 0. Ẹ fi iye náà lọ́po àwọ̀, kí ẹ pín in sí 15, ẹ ti dé bẹ̀. Ti Mega Drive, ẹ̀rọ géèmù Sega, ló dùn ún wò jù. Pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù rẹ̀ jẹ́ 0 dé 7 lọ́kọ̀ọ̀kan, Sonic the Hedgehog ti 1991 kì í sì í dín wọn kù pa pọ̀: pupa ló máa ń kọ́kọ́ tán, ewé tẹ̀ lé e, búlúù ló máa ń kẹ́yìn.

```
def sun_md(r, g, b):
    if r: return r - 1, g, b
    if g: return r, g - 1, b
    if b: return r, g, b - 1
    return r, g, b
```

Ẹ pè é lórí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú palẹ́ẹ̀tì ní férémù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó gùn jù ni funfun, (7,7,7), tó gba ìsún 21, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 0.35: á di búlúù tó ní ewé nínú, á di búlúù lásán, kó tó dúdú. Nígbà tí ẹ bá ń mú ìran wọlé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti (0,0,0), kí ẹ fi búlúù kún títí yóò fi dé iye rẹ̀, kí ẹ tó kan ewé, kí pupa wá gbẹ̀yìn. Láti gbé e sójú fèrèsé, `v * 255 // 7` fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta náà.